Níwájú Ògiri Ṣùáíbù

Ohun tó ń ba fótò ìta jẹ́ ní ìlú wa Bantè kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe eruku. Ìkíni ni. Bí èèyàn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbí, ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí i pé ẹ kú ìdúró. Bí ó bá kí i, ẹni tó dúró gbọ́dọ̀ dáhùn. Lẹ́yìn ìdáhùn ni yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè mọ̀lẹ́bí tó ń ṣàìsàn ní Savalou lóṣù tó kọjá. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, oòrùn ti kúrò níbi tí mo fẹ́ kó wà, ẹni tó ń kọjá kò sì kọjá mọ́. Ó ti dúró. Fótò ẹni tó dúró ni mo fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mi: àwọn tó gbé ọwọ́ lé itan, tí wọ́n fajú ro bí ẹni pé ọlọ́pàá ló ní kí wọ́n jókòó. N kò tún lè máa wá irú rẹ̀ lọ sí ìta.

Èmi ni Wassila, oní fótò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ Savalou ti ń já èrò. Wọ́n ní inú mi máa ń tètè bí. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ibi tí àwọ̀ ti bára mu, mo lè dúró síbẹ̀ títí koríko á fi hù sí mi lẹ́sẹ̀. Èèyàn ni n kò ní sùúrù fún. Ògiri kò ṣe mí ní nǹkankan.

Ògiri tí mò ń sọ yìí jẹ́ ti Ṣùáíbù, ọmọ Ṣakí tó wá ń ta epo ọkọ̀ nínú ìgò ní ọ̀nà Lougba. Ó fi àwọ̀ aró kun ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó fi àwọ̀ ìyeyè kun ilẹ̀kùn. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilé àna rẹ̀ ni. Ó to àwọn ìgò ńláńlá tó kún fún epo sórí tábìlì níwájú ògiri. Ní àárọ̀, bí oòrùn bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí igi máńgòrò tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú àwọn ìgò náà, epo á wá dà bí oyin. Kì í pẹ́ ju kí èèyàn jẹ ẹ̀kọ kan tán lọ. Lẹ́yìn náà á tún di epo, á máa rùn.

Ohun tó kù ni ẹni tí yóò gba àárín ìgò àti ilẹ̀kùn kọjá, tí yóò máa lọ tirẹ̀, tí kò ní wò mí.

N kò ní sọ pé ẹwà nìkan ló gbé mi débẹ̀. Basirath ló rán mi. Basirath, tó wà lẹ́yìn odi ní Libreville, ni ọmọbìnrin Bàbá Tairou. Nígbà tó kúrò nílé, ọmọ iléèwé ni mí, n kò mọ̀ ọ́n lójú. Fótò ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí mo yà ló rí lórí Wáàsáàpù, ló bá gba nọ́ńbà mi. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ohùn tó nípọn díẹ̀ ni, tó máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Òdòdó pupa kan ló fi sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ojú wọn sí.

"Àbúrò mi," ló wí, "mo ti gbàgbé ojú bàbá mi. Bí mo bá fẹ́ rántí rẹ̀, ojú ọkùnrin kan tí ń ta ẹja ní àdúgbò wa níbí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Jọ̀ọ́, yà á fún mi."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká mi lára. Mo dáhùn pé màá yà á, kí n tó rántí ẹni tí bàbá náà jẹ́.

Bàbá Tairou kì í ya fótò. Gbogbo Bantè ló mọ̀. Níbi ìkómọjáde, bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà jáde, á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, a kò ní rí i mọ́ títí wọn yóò fi yà á tán. Kì í gba fóònù pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá gbé fóònù sí i létí pé Basirath ń kí i, á ní kí wọ́n bá òun kí i, á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀sìn ni, pé ààfáà kan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe. Èmi náà gbà pé ẹ̀sìn ni. Basirath ti rán èèyàn sí i títí ó fi sú u. Ẹ̀yìn orí Bàbá ni wọ́n ń rí yà wá.

Mo wá rò ó pé bí n kò bá lè ní kí Bàbá dúró, èmi lè dúró kí Bàbá kọjá. Ní àràárọ̀ ni ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé rẹ̀ lọ sí oko kajú rẹ̀ ní ọ̀nà Akpassi, ògiri Ṣùáíbù ló sì ń gbà kọjá, gẹ́lẹ́ nígbà tí epo bá ń di oyin. Màá ya ọ̀nà, màá ya ògiri, màá ya ìgò. Bí arúgbó kan bá wà nínú rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ta ló ní mo ya arúgbó?

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Wọ́n kí mi kú ìdúró títí ẹnu fi ń ro mí. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó lè ráyè kí mi dáadáa. Nígbà tí ó ṣe, mo rí Bàbá Tairou tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, fìlà rẹ̀ funfun, àdá rẹ̀ nínú agbọ̀n lẹ́yìn. Oòrùn wà nínú ìgò. Mo fi ìka lé bọ́tìnì.

Bàbá rí kámẹ́rà, ó tẹ bíréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé ibi ògiri, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba inú koríko wá sí ẹ̀yìn mi, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kú iṣẹ́ o, Wassila," ló wí. "Máa yà á lọ. N kò fẹ́ bà á jẹ́ fún ọ."

"Bàbá, ẹ máa kọjá. Kò ba nǹkankan jẹ́."

"Rárá o. Èèyàn kì í gba iwájú iṣẹ́ oníṣẹ́ kọjá bí ewúrẹ́."

Bí àgbàlagbà bá dúró sí ẹ̀yìn rẹ, tó ń mí, tó ń dúró kí o parí, kí lo fẹ́ ṣe? Mo ya ògiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ní gbogbo Bantè, níbi tí zémì, ọ̀kadà akérò, ti ń gba àárín ìyàwó àti ọkọ kọjá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Tairou nìkan ni ẹni tó mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn kọjá níwájú kámẹ́rà. Òun sì nìkan ni ẹni tí mo fẹ́ kó kọjá.

N kò lè sọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ fún Ṣùáíbù, nítorí ẹnu Ṣùáíbù kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tó béèrè ohun tí mò ń yà, mo ní àwọ̀ ni. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan rí bó ṣe yẹ. Bí ó ṣe ń rọ epo fún àwọn èèyàn ló ń sọ fún wọn pé Wassila ń ya fótò gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, pé kí wọ́n tún ara wọn ṣe.

Bilkissou ni n kò ní gbàgbé. Ó máa ń gbé ata rodo lọ tà ní ọjà Koko. Ó ti kọjá lọ́jọ́ kan nínú ìró olómi ọsàn tó ti ṣá díẹ̀, igbá ata pupa lórí rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí èyí bá tún kọjá lọ́la, tí Bàbá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, n kò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó dé nínú léèsì funfun, gèlè rẹ̀ le bí páànù, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ata dà?" ni mo bi í.

"Ta ló ń gbé ata ya fótò?" ló dáhùn.

Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn oní zémì ti fọ ọ̀kadà wọn, wọ́n fi awò dúdú sójú. Wọ́n tò síwájú ògiri aláwọ̀ aró náà títí n kò fi rí aró mọ́. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ sí wọn létí: pé kí wọ́n lọ wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, kí wọ́n máa kọjá bí wọ́n ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Bilkissou ní òun ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, pé mo fẹ́ ya wọn nínú àkísà kí n lọ tà á fún òyìnbó, kí wọ́n lè máa káàánú wa. Ẹnìkan ní bóyá ẹgbẹ́ kan ló rán mi. Mo dákẹ́, nítorí kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹni tó wọ léèsì pé ata rẹ̀ ni mo nífẹ̀ẹ́ sí. Mo ya gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tò, ọwọ́ lé itan, ojú ríro. Mo tẹ fótò náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Tairou wà lẹ́yìn mi ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń dúró de kí n parí. Ó ní fótò náà yóò dára.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo sú wọn. Ohun tí sùúrù ń ṣe nìyẹn: kì í ṣe pé ó ń jẹ́ kí ìwọ rí àwọn èèyàn, ó máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn má rí ọ mọ́. Wọ́n ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n bí ẹni ń kí igi máńgòrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí fótò gidi. Obìnrin kan kọjá tòun ti ewé ìrẹsì tútù lórí. Ọkùnrin kan kọjá, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wo òkè. Àwọ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ wà, èèyàn sì ń lọ tirẹ̀. Bàbá Tairou nìkan ni kò kọjá. Ní àràárọ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀, tó ń gba inú koríko.

Basirath ń béèrè. Ó máa ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. "Ṣé o ti rí i?" Màá ní mò ń rí i lójoojúmọ́. "Báwo ló ṣe rí?" Màá ní ara rẹ̀ le. "Ẹ̀yin tó wà nílé gbádùn," ló máa ń wí.

Ní àárọ̀ kan, ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn kò yọ. Kò sí ohun tí mo lè yà. Mo jókòó lórí àpótí kámẹ́rà mi, Bàbá Tairou sì dé. Ó sọ̀kalẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò.

"Wassila, ògiri yìí kò tíì sú ọ?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń dúró dè, Bàbá."

"Lónìí nìkan ni kò sí ìmọ́lẹ̀. Lánàá ó wà. Níjẹta ó wà. Mo máa ń rí ọ láti ọ̀ọ́kán. Wàá jókòó jẹ́jẹ́, wàá máa wo ọ̀nà. Bí mo bá ti yọ, wàá dìde, wàá di kámẹ́rà mú."

Ó wò mí.

"Basirath ló rán ọ."

"Òun ni, Bàbá."

"Ó ṣe dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ẹni tó ní sùúrù." Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. "Kí ló ní?"

"Ó ní òun ti gbàgbé ojú yín."

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, orí ọmọ mìíràn ló ti bẹ̀rẹ̀.

"O gbọ́ nípa Issifou?"

Mo ti gbọ́ orúkọ náà. Àkọ́bí rẹ̀ ni, tó kú sí Abidjan.

"Issifou ní òun ń ṣàárò mi," ni Bàbá wí. "Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou, mo wọ agbádá, mo ya fótò, ńlá, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti Abidjan dé á ní, Bàbá, a rí yín lára ògiri Issifou. Òun náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, Bàbá, láràárọ̀ ni mò ń rí yín. Bí mo bá jí, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń kí. Inú mi dùn. Mo sọ fún gbogbo èèyàn. Iléyá dé, kò wá. Òmíràn dé, kò wá. Ìyá rẹ̀ kú, ó ní òun fẹ́ wá, ọ̀nà kò là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé wọ́n ti sin ín."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Mo wá rò ó. Ẹni tó ń rí mi láràárọ̀, kí ló fẹ́ wá wò nílé? Mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ná. Èmi ni mo gbé ara mi fún un. Èyí tó kù, kí ó má rí mi, kí ó má gbọ́ ohùn mi. Bí àárò bá mú u dáadáa, yóò wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí inú bá bí mi, ẹnu mi kì í dúró.

"Bàbá, bí kò bá wá ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò wá nìyẹn," ló wí. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ sí oko.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Basirath. Mo sọ fún un pé n kò ní yà á mọ́, pé bó ṣe wù kí fótò mi dára tó, ìròyìn lásán ni, kò tó àfojúbà, àfojúbà ni bàbá rẹ̀ sì fẹ́. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó bínú.

"Ìwọ tí ò ń sùn nílé bàbá rẹ," ló wí, "o mọ ohun tí àjò jẹ́? Ìwé ìgbélùú mi kò pé. Bí mo bá jáde níbí, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ọmọ mi méjèèjì wà ní iléèwé. Ta ni màá fi wọ́n sílẹ̀ fún? Fótò kan ṣoṣo ni mo ní kí o yà. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń dájọ́ fún mi?"

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ sì ni Bàbá sọ. Mo ní kí ó má bínú. Kò tún fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ń dé, ó ń lọ, òdòdó pupa yẹn ń wò mí láti inú fóònù, kò sì sọ nǹkankan. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Èèyàn lè ṣàárò ohùn ẹni tí kò rí rí.

Ṣé ó yẹ kí n kó kámẹ́rà mi kúrò níbẹ̀ nígbà náà? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n fótò náà ti wọ̀ mí lójú. N kò tíì rí ẹni tí yóò kọjá bí mo ṣe fẹ́, tí aró, ìyeyè àti oyin yóò jọ gbà á. Bàbá Tairou náà kò sì yí ọ̀nà padà. Nígbà tí kò sí ohun tí à ń fi pamọ́ fún ara wa mọ́, dídúró rẹ̀ lẹ́yìn mi kò ni mí lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí iṣẹ́ náà.

"Èyí tó kọjá yẹn dára," ni yóò wí. "Kí ló dé tí o kò tẹ̀ ẹ́?"

"Aṣọ aró ló wọ̀, Bàbá. Yóò rì sínú ògiri."

"Òótọ́ ni." Nígbà tó bá tún ṣe díẹ̀: "Ẹni tó ń bọ̀ yẹn wọ pupa. Àmọ́ ó ń sáré. Yóò kọjá kí o tó ṣẹ́jú."

Ojú rẹ̀ dára lókèèrè, ju tèmi lọ. Ní tòsí ni kò ríran tó. Nígbà tí oko kajú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é pẹ́, mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọkùnrin tó kọ̀ kí wọ́n ya òun ti di ẹni tó ń bá mi wá ẹni tí màá yà. Ṣùáíbù ní kí n máa fún un ní owó oṣù.

Iṣu tuntun jáde. Ní ìgbà yẹn nínú ọdún, ọ̀nà Savalou kì í sinmi. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó wà ní Cotonou àti lẹ́yìn odi ń wálé wá jẹ iṣu, àwọn ọkọ̀ ń já wọn, àwọn zémì ń gbé wọn wọ abúlé tàwọn tàpótí. Àwọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà ju ti ìgbàkígbà lọ. Mo tètè jí lójoojúmọ́. Bàbá náà ń tètè dé, ó ń sọ pé koríko oko kò lè sá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, zémì kan dúró níwájú Ṣùáíbù láti ra epo. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sanra díẹ̀. Ìró rẹ̀ àwọ̀ ewé ni, òdòdó olómi ọsàn ńláńlá wà lára rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fi oní zémì sílẹ̀ pẹ̀lú Ṣùáíbù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ti kú tipì lórí ọ̀kadà.

"Ẹni yẹn," ni Bàbá wí lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wo aṣọ rẹ̀. Kò sáré. Múra."

Mo ti múra. Oòrùn ti dé inú ìgò. Obìnrin náà ń wo ògiri, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo igbó kajú lẹ́yìn ilé, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó mọ̀ pé ibí ló fi sí. Ó dé àárín ìgò àti ilẹ̀kùn. Aró gbà á, ìyeyè gbà á, oyin tàn sí i lápá kan. Kò wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé fótò tí mò ń wá nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti dúró níbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni. Mo fẹ́ yí padà sọ fún Bàbá pé a rí i.

Nígbà náà ni obìnrin náà rí wa. Ó jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, nítorí pé ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, eékún méjèèjì lórí ilẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa, pé ọmọbìnrin kì í kí àgbà kí ó máa wò ó lójú.

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́, oní fótò."

Ohùn náà nípọn díẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn náà ju bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ará ilé mi lọ. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, bí ẹni tó gbọ́n kì í ti í sọ ìrìn àjò síta kí ó tó dé.

Bàbá kò mọ ohùn náà. Òun ló kọ̀ ọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó dá a lóhùn bí yóò ti dá ọmọ ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá wọn láyọ̀. Ilé ta lò ń lọ?"

"Ilé Bàbá Tairou ni, Bàbá," ló wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ọ̀nà yìí ti yí padà lójú mi. N kò mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà."

Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n sọ ọ́.

Bàbá na kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí mi láìwò mí, ó tú ọwọ́ lára rẹ̀ kí n tó gbà á, mo yára fi ọwọ́ méjèèjì mú un kí ó má bàa ṣubú lu kámẹ́rà. Ó wá gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde. Kò gba inú koríko. Ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, gbọọrọ, lọ bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí níwájú ògiri, ó dúró sí iwájú rẹ̀ títí ó fi gbé ojú sókè.

Oòrùn ṣì wà nínú ìgò. Ṣùáíbù pè mí láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ pé kí n tẹ̀ ẹ́, pé kí ni mo tún ń dúró dè. Mo di kẹ̀kẹ́ náà mú.